Akòko, Igi Oyè Nínú Ọgbà Ìjẹ̀bú

Bí wọ́n bá fi ènìyàn joyè ní Ìjẹ̀bú-Òde, ewé akòko ni wọ́n ń fi sí i lórí. Ìyẹn nìkan tó ìdí tí igi yìí kò fi gbọdọ̀ jìnnà sí ààfin àti agboolé olóyè. Ẹwà rẹ̀ náà sì ń bẹ níbẹ̀: ó máa ń ga gbọọrọ láìgba àyè púpọ̀, ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, òdòdó rẹ̀ sì fẹ́ jọ àlùkò.

Àwọn baba wa kì í dúró de hóró kí wọ́n tó gbìn ín. Ẹ̀ka ni wọ́n ń gé, wọn a rì í mọ́lẹ̀, a sì hù. Bẹ́ẹ̀ ni akòko àti pérègún ṣe di ọgbà tó yí ilé ká, tí wọ́n di àmì ojúbọ Ògún, tí wọ́n sì di ààlà oko. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé kóòtù, àwọn ẹlẹ́rìí a máa tọ́ka sí èyí tí baba ńlá wọn gbìn. Ẹ̀rí gidi ni, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń gbé hóró akòko kiri kò lè tò wọ́n sórí ìlà.

Palisot de Beauvois, ará Faransé tó dé Warri àti Benin ní 1786, wà lára àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ kọ nípa igi náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ọ́ ní Newbouldia laevis, ní ìrántí William Newbould, ará Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1887, nígbà tí Alfred Moloney jẹ́ gómìnà Èkó, ìjọba dá ọgbà ìwádìí ewéko sílẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́tta. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Ọ̀nà là fún míṣọ́n àti ọ́fíìsì ìjọba, igi àjèjì bíi pánṣẹ́kẹ́ láti Madagásíkà sì wá di ọ̀ṣọ́ ọgbà.

Ìlànà akòko kò yí padà. Ẹ̀ka tó ti gbó, tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ ọmọdé, ni kí ẹ gé nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé ìdí rẹ̀ ní ìdábùú kí ẹ má baà dorí rẹ̀ kodò. Ẹ já ewé rẹ̀, ẹ rì í dé ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yí i ká. Ewé tuntun lè yọ kí gbòǹgbò tó jáde, torí oúnjẹ tó wà nínú igi ló kọ́kọ́ ń lò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́: wọ́n á fà á tu láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má ṣe mì í rárá. Ní àárín ọdún 1930 sí 1939 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó fi hàn pé auxin, èròjà tí ewéko ń ṣe fúnra rẹ̀, ló ń mú gbòǹgbò yọ nídìí ẹ̀ka tí a gé. Iṣẹ́ náà ti ń lọ nílé wa tipẹ́.

Fẹ́ǹsì búlọ́ọ̀kù ti gba ipò ọgbà igi ní ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde báyìí, àdánù ńlá sì ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé, ẹ tọrọ ẹ̀ka akòko kan lọ́wọ́ aládùúgbò yín ní oṣù kẹrin, kí ẹ sì rì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.