Láti Ojú Irin Minna dé Inú Sẹ́ẹ̀lì: Ìtàn Ìwòsàn Ọ̀fìnkìn Ńlá

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ òkun kan tí ń jẹ́ Bida gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó láti Gold Coast, àwọn aláìsàn sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀fìnkìn ńlá tí ń pa aráyé nígbà náà ni ó ń bá wọn jà. Ó yani lẹ́nu pé ìlú Tápà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀ náà kò jìnnà sí Minna, ìlú tí ọkọ̀ ojú irin tí ó gbé àrùn náà lọ sí Òkè Ọya gbọ́dọ̀ gbà kọjá.

Ojú irin ni ó sọ Minna di ìlú ńlá. Ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Jẹ́bà ní 1909, ó sì pàdé èyí tí ó ti Baro lọ sí Kánò ní Minna ní 1911. Nígbà tí afárá Jẹ́bà parí ní 1916, kò sí ohun tí ó tún ń dá ọkọ̀ dúró létí Odò Ọya mọ́. Ẹ̀pà, òwú àti awọ ni ìjọba amúnisìn tìtorí wọn ṣe ọ̀nà náà. Àrùn ni ó wá gùn ún. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ti ń wọlé onílé kiri ní Èkó láti wá aláìsàn tí wọn yóò yà sọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sá lọ sí ìlú òkè. Òfin tí ó yẹ kí ó sé àrùn mọ́lé ni ó tún tú u síta. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó kú ní Nàìjíríà, nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 18.

Kò sẹ́ni tí ó mọ ohun tí ń pa wọ́n. Bakitéríà kan ni àwọn dókítà ń dá lẹ́bi. Ọdún 1933 ni wọ́n tó rí fáírọ́ọ̀sì náà gbà lára ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí náà, ara aláìsàn nìkan ni ó kù tí ìwòsàn lè dojú kọ: kíníìnì àti aspirin lọ́dọ̀ àwọn dókítà, àgbo lọ́dọ̀ àwọn adáhunṣe. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, olùkọ́bìnrin ọ̀dọ́ kan, Sophia Odunlami, tí àrùn náà kọ lù, kéde pé àdúrà àti omi òjò ni ìwòsàn. Ẹgbẹ́ tí ó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ di ọ̀kan lára gbòǹgbò ìjọ Aládùúrà. Kò yẹ ní fífi ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ilé ìwòsàn pàápàá kò ní ohun tí ó sàn jù ú lọ púpọ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ọ̀tá ni àwọn apoògùn ti ń lé e. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí amantadine ní 1966. Ó ń dí ihò kan lára fáírọ́ọ̀sì. Fáírọ́ọ̀sì pa ihò náà dà, nígbà tí ó sì di 2006, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí àwọn dókítà má ṣe lò ó fún ọ̀fìnkìn mọ́. Oseltamivir jáde ní 1999. Òun kì í jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì tuntun já kúrò lára sẹ́ẹ̀lì tí ó bí i. Ní àkókò òtútù 2007 sí 2008, irú H1N1 kan tí oògùn yìí kò ràn mọ́ fara hàn ní Norway àti àwọn ilẹ̀ mìíràn, ó sì tàn káyé. H1N1 mìíràn tí ó gbòde ní 2009 ni ó lé ìyẹn lọ, oseltamivir sì tún ń ṣiṣẹ́ lórí èyí tí ó pọ̀ jù lónìí. Oríire ni, kì í ṣe ọgbọ́n apoògùn.

Fáírọ́ọ̀sì yìí kì í ṣe àtúnṣe àṣìṣe bí ó bá ń da ara rẹ̀ kọ, àṣìṣe mìíràn a sì máa ṣe é láǹfààní. Àmọ́ àlejò tí kò ní ìkòkò ni. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ni ó ni iná àti ìkòkò tí ó fi ń se oúnjẹ, sẹ́ẹ̀lì kì í sì í yára yí padà bí àlejò rẹ̀. Ibẹ̀ ni èrò tuntun ti wá: kí oògùn gba ìkòkò lọ́wọ́ àlejò dípò kí ó máa lé àlejò kiri. Ní 2001, àwọn onímọ̀ ní Jámánì fi hàn pé bí wọ́n bá dí ọ̀nà ìránṣẹ́ kan nínú sẹ́ẹ̀lì, èyí tí MEK jẹ́ apá kan rẹ̀, ẹrù fáírọ́ọ̀sì a há sínú kóró sẹ́ẹ̀lì. Ní 2010, ikọ̀ méjì ka ohun tí fáírọ́ọ̀sì ń yá lò: ọ̀kan rí 295, èkejì rí 287, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó sì bára mu. Èyí tí ó ṣe kedere jù ni TMPRSS2, éńsáìmù inú ọ̀nà èémí tí ń gé purotéènì ara fáírọ́ọ̀sì kí ó tó lè ráyè wọ sẹ́ẹ̀lì. Ní 2013, eku tí kò ní éńsáìmù yìí là á já nígbà tí wọ́n kó H1N1 ràn wọ́n. Ṣùgbọ́n H3N2 ṣì ń rí ọ̀nà gbà.

Ewu wà níbẹ̀. Ìkòkò tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àlejò, onílé náà fi ń se oúnjẹ. Oògùn tí ó bá dí irinṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì lè pa aláìsàn lára ju ọ̀fìnkìn lọ. Títí di òní, àjọ tí ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà kò tíì fọwọ́ sí irú oògùn bẹ́ẹ̀ kankan fún ọ̀fìnkìn. Kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀kan náà ni èyí àti àgbo 1918. Àwọn ará ìgbà náà dojú kọ ara nítorí pé wọn kò mọ ọ̀tá; àwọn ti òde òní ń padà sí ara nítorí pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù Kejì 2006, Jaji ní ìpínlẹ̀ Kaduna ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí H5N1, ọ̀fìnkìn àwọn ẹyẹ, ní gbogbo Áfíríkà. Ní oṣù Kìíní 2007, ó pa obìnrin kan ní Èkó. Àjẹsára fún irú tuntun máa ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí ó tó jáde. Oògùn tí ó bá dojú kọ sẹ́ẹ̀lì kò ní láti dúró mọ orúkọ irú tí ó dé, ọkọ̀ láti Kaduna kò sì gba odindi ọjọ́ kan kí ó tó dé Minna.