Ìsinmi ọmọ bíbí, àìsàn àti ìjà ẹnu iṣẹ́: Ohun tí òfin sọ fún òṣìṣẹ́ Nàìjíríà

Ẹ jẹ́ ká mú un pé obìnrin kan ń ṣe iṣẹ́ kíláàkì nílé iṣẹ́ aládàáni kan n'Íbàdàn. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, ó wá lọ bá ọ̀gá rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ bímọ. Ọ̀gá ní kó máa lọ, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Kò sí lẹ́tà, kò sí ìwé dókítà, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Nígbà tí obìnrin náà padà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹlòmíì ti jókòó sórí àga rẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé òun fúnra rẹ̀ ló fiṣẹ́ sílẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí kò ṣàjèjì láàárín wa. Èyí tó dunni jù níbẹ̀ ni pé òfin wà tí ìbá gba obìnrin náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìwé kan lọ́wọ́ tí yóò fi gbé òfin náà dìde. Ìdí nìyí tí a fi ṣàkójọ àwọn ẹ̀tọ́ tó ṣe pàtàkì jù fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pẹ̀lú irú ìwé tí ẹ gbọ́dọ̀ ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ta ni òfin náà ń bá wí?

Òfin tí wọ́n ń pè ní Labour Act ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba ológun ló ṣe é lọ́dún 1974, ó sì wà nínú àkójọ òfin ilẹ̀ Nàìjíríà tọdún 2004. Àwọn tó ń fi ọwọ́ wọn ṣiṣẹ́ àtàwọn kíláàkì ni òfin náà pè ní òṣìṣẹ́. Àwọn ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ àtàwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kò sí lára wọn. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ wọn àti ìlànà ilé iṣẹ́ wọn ni wọn yóò kọ́kọ́ wò.

Abala keje òfin náà pàṣẹ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí yóò sọ irú iṣẹ́ tó wá ṣe, owó tí yóò máa gbà àti bí wọ́n ṣe lè pínyà. Bí ẹ kò bá tíì rí ìwé yìí gbà, ẹ béèrè fún un. Òun ni gbòǹgbò gbogbo èyí tó kù.

Ìsinmi ọmọ bíbí

Abala kẹrìnléláàádọ́ta ló sọ̀rọ̀ lórí aláboyún. Bí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ṣeé ṣe kí obìnrin kan bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹnu iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sinmi. Lẹ́yìn tó bá sì bímọ tán, wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn. Bó bá ti lo oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́ náà láìdáwọ́ dúró, owó tí wọn yóò san fún un lásìkò ìsinmi yìí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bá padà dé, bó bá ń fún ọmọ lọ́yàn, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún un.

Agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ já ìwé ìdádúró fún obìnrin nígbà tó bá wà nínú ìsinmi yìí, kò sì gbọ́dọ̀ fún un ní nótíìsì tí ọjọ́ rẹ̀ yóò pé sínú ìsinmi ọ̀hún. Ṣùgbọ́n òfin kò sọ ọ́ di dandan fún un láti san owó ilé ìwòsàn ìbímọ.

Ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sàn ju èyí lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni tiwọn, owó oṣù wọn á sì máa wọlé ní pípé. Lọ́dún 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí oṣù mẹ́fà fún àwọn obìnrin tó jẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún ọmọ méjì àkọ́kọ́.

Bàbá ọmọ ńkọ́? Labour Act kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kọkànlá ọdún 2022, ọ́fíìsì olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjọba náà yóò máa gba ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìnlá tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún méjì ni, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọmọ mẹ́rin lọ. Nílé iṣẹ́ aládàáni, ohun tó bá wà nínú àdéhùn nìkan ni ọkùnrin lè dì mú.

Bí àìsàn bá dé

Abala kẹrìndínlógún ní òṣìṣẹ́ tí àìsàn ìgbà díẹ̀ bá dá dúró sílé lẹ́tọ̀ọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá láàárín ọdún kan. Níbí náà, ìwé dókítà ni ẹ̀rí. Ẹni tó kàn tẹ ọ̀gá láago pé ara òun kò yá kò tíì ṣe ohun tí òfin ń fẹ́.

Bó bá jẹ́ ẹnu iṣẹ́ gan-an ni ẹni náà ti fara pa, tàbí tí iṣẹ́ náà ló kó àrùn ràn án, òfin mìíràn ló kàn, ìyẹn Employees' Compensation Act ti ọdún 2010. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó náà sọ́dọ̀ àjọ NSITF, náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára owó wọn. Kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà tó agbanisíṣẹ́ létí, kí agbanisíṣẹ́ náà sì sọ fún àjọ ọ̀hún láàárín ọjọ́ méje. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi “pẹ̀lẹ́, yóò sàn” mú yín jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá.

Bí ìjà bá dé

Agbanisíṣẹ́ lè ní kí òṣìṣẹ́ máa lọ, òṣìṣẹ́ náà sì lè ní òun ń lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ pínyà gbọ́dọ̀ fún ẹnì kejì ní nótíìsì. Ọjọ́ kan ni fún ẹni tí kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ. Ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti kọjá oṣù mẹ́ta ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti lo ọdún méjì ṣùgbọ́n tí kò tíì pé márùn-ún. Oṣù kan fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún sókè. Wọ́n lè san owó dípò ọjọ́ náà. Ẹni tó bá hùwà àìtọ́ tó burú lẹ́nu iṣẹ́ lè pàdánù nótíìsì rẹ̀.

Agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gé owó òṣìṣẹ́ bí owó ìtanràn. Kódà, bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀-ọ́n-mọ̀ ba nǹkan jẹ́, àfi tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé kó tó lè gé e. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ lé ẹnikẹ́ni nítorí pé ó wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù yóò kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì fi ẹ̀dà kan pamọ́. Bí kò bá rí èsì, kó lọ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀, tàbí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, èyí tó wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ga jù ni National Industrial Court, ilé-ẹjọ́ tí àtúnṣe ìwé òfin Nàìjíríà tọdún 2010 fún lágbára pé òun nìkan ni kí ẹjọ́ iṣẹ́ ti máa bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ mọ̀ ṣáá pé ilé-ẹjọ́ kì í sábà fipá mú ilé iṣẹ́ aládàáni láti gba ẹni tó lé padà. Owó ló sábà máa ń ní kí wọ́n san.

Ẹ ra fáìlì kan, kó má wọ́n jù. Ẹ fi ìwé ìgbanisíṣẹ́ síbẹ̀, ìwé owó oṣù, ìwé dókítà àti ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà tí ẹ kọ. Ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó bá gba lẹ́tà yín fọwọ́ sí ẹ̀dà náà, kó kọ ọjọ́ sí i. Kì í ṣe pé ẹ ń wá ìjà o. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.