Ìṣirò Ohun Ìní Òkú ní Ilẹ̀ Yorùbá

Bí baálé ilé bá kú ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, ìṣirò ni ó ń ṣáájú ogún pínpín. Àwọn àgbà ẹbí a jókòó, wọn a sì bèèrè ohun mẹ́ta: èló ni olóògbé jẹ ní gbèsè? Ta ni ó jẹ olóògbé lówó? Èwo nínú ẹrù inú ilé ni í ṣe tirẹ̀ ní tòótọ́?

Owó ẹyọ ni a ń ná nígbà náà. Ẹyọ 40 ni a ń sín sí okùn kan. Okùn 50 jẹ́ ẹgbàá, èyí tí í ṣe 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Owó tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kò rọrùn láti yá ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tí ó yá owó a ní onígbọ̀wọ́, ẹni tí ó yá a ní owó a sì ní ẹlẹ́rìí. Ẹnu àwọn wọ̀nyí ni ìwé ìṣirò òkú. Bí olóògbé bá ti kó èsúsú, àwọn ará ilé rẹ̀ ni yóò máa dá a títí yóò fi yípo. Bí kò bá tí ì kó o, àwọn ni yóò gbà á. Bí ó bá ní ìwọ̀fà, ikú rẹ̀ kò tú onítọ̀hún sílẹ̀: àwọn tí ó jogún rẹ̀ ni ìwọ̀fà náà yóò máa sìn títí a ó fi san owó tí a torí rẹ̀ fi í sọfà.

Gbèsè kì í bá òkú wọ ilẹ̀. Bí a bá fi í falẹ̀, olówó lè rán ológò. Samuel Johnson sọ̀rọ̀ nípa àwọn ológò nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921. Ológò a wọ ilé onígbèsè, a fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó, a sì máa yọ gbogbo ará ilé lẹ́nu; àwọn náà ni yóò sì máa bọ́ ọ títí owó yóò fi jáde.

Ìbéèrè kẹta ni ó le jù. Ní àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ. Ṣùgbọ́n èrè òwò tí aya fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tirẹ̀ ni. Ọkọ lè yá aya lówó, aya sì lè yá ọkọ. Bí opó kan bá ń re aro, tí ìkòkò aró rẹ̀ sì wà láàárín ẹrù ọkọ, ẹlẹ́rìí nìkan ni ó lè gbà á kúrò nínú ogún.

Nígbà tí owó fàdákà gba ipò ẹyọ, tí ilé Èkó sì ń mú owó wọlé, ọ̀ràn náà dé ilé ẹjọ́. Ní 1940, Suberu Dawodu kú ní Èkó láìkọ ìwé bí a ó ṣe pín ogún rẹ̀. Aya mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án ni ó fi sílẹ̀. Bí a bá pín in ní ìdí-igi, ojú ìyá kọ̀ọ̀kan yóò gba ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gba ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Adájọ́ Jibowu yan orí-ò-jorí. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà yí i padà sí ìdí-igi, ṣùgbọ́n ó ní bí ìjà bá dé, olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí. Ní 1962, ìgbìmọ̀ adájọ́ ti ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní London fi ọwọ́ sí ìdájọ́ yìí.

Síbẹ̀, ìdí-igi àti orí-ò-jorí, ohun tí ó bá kù ni àwọn méjèèjì ń pín. Kò sí èyí tí ó lè tún ìṣirò tí ó wọ́ ṣe, tàbí kí ó dá ìkòkò aró padà fún opó tí a kò bi léèrè.