Oníjó Aláìlórúkọ ní Isfahan

Inú ìwé Ẹ́sítérì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ pàdé ilẹ̀ Páṣíà, èyí tí à ń pè ní Ìráànù lóde òní. Ẹ ó rántí ayaba Fáṣítì, ẹni tí ọba ní kí ó jáde wá kí àwọn àlejò lè wo ẹwà rẹ̀, tí ó sì kọ̀ jálẹ̀. Obìnrin tí mo fẹ́ kí a jọ wò lónìí, ijó ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá kọ̀ rí, ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn ayàwòrán ìlú Isfahan a máa yà á sórí tákàdá kékeré kan. Òun nìkan ló sábà máa ń wà níbẹ̀, kò sí agbo òǹwòran. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tẹ ẹ̀yìn díẹ̀, aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹ má wá òjìji, wọn kì í yà á. Ojú rẹ̀ rí roboto bí òṣùpá, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn akéwì Páṣíà ṣe ń ṣàpèjúwe arẹwà, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Nítorí náà, ojú kan náà ni gbogbo wọn ń ní. Ẹni tí ó mọ oníjó náà dunjú kò lè dá a mọ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ni. Wọ́n á kọ́kọ́ fi òkúta dídán ra tákàdá títí yóò fi jọ̀lọ̀. Wọ́n á lọ òkúta aláwọ̀ aró tí wọ́n ń wà ní Badakhshan, wọ́n á fi oje igi pò ó, kí wọ́n tó fi búrọ́ọ̀ṣì onírun ọ̀kẹ́rẹ́ tàbí ti ológbò fà á tín-ín-rín.

Kí Shah Abbas Kìíní tó sọ Isfahan di olú-ìlú ní 1598, inú ìwé ńláńlá tí ọba bẹ̀ lọ́wẹ̀ ni irú iṣẹ́ yìí pọ̀ sí jù. Lẹ́yìn náà ni àwòrán olójú-ewé kan wá gbilẹ̀, tí àwọn tí kì í ṣe ọba náà ń rà á, tí wọ́n ń kó o jọ sínú ìwé àkójọ. Ọ̀gá wọn ni Riza Abbasi, tí ó kú ní 1635. Ó máa ń fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀, nígbà mìíràn ó tún ń kọ ọjọ́ sí i. Orúkọ ayàwòrán kù; ti ẹni tí a yà dàwátì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lára ògiri ààfin Chehel Sotun, tí wọ́n parí ní 1647. Shah Abbas Kejì ń gba Nadr Muhammad, ọba àwọn Uzbek, lálejò. A mọ àwọn méjèèjì. Àwọn obìnrin ń jó níwájú wọn, àwọn onílù àti olórin wà nítòsí, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n?

Ará Faransé kan, Jean Chardin, gbé Isfahan ní àwọn ọdún 1660 àti 1670. Ó ní àwọn oníjó ìlú náà tún ń ṣe aṣẹ́wó, iye owó wọn ni àwọn ènìyàn sì fi ń pè wọ́n: Túmáànì Mẹ́wàá, Túmáànì Márùn-ún, Túmáànì Méjì. Túmáànì ni wọ́n fi ń ṣírò owó. Àpò ọba ni àwọn oníjó ààfin ti ń gba owó iṣẹ́ tiwọn.