Angkor Ò Sọnù Rí: Ọjọ́ Mẹ́ta Láàárín Òkúta, Ẹja àti Àwọn Tó Nilé

Kàmbódíà là ń lọ lónìí, ní apá Gúúsù Ìlà-oòrùn Éṣíà, sí ìlú Siem Reap, níbi tí àwọn tẹ́ńpìlì Angkor wà.

Tẹ́ ẹ bá tẹ Angkor sórí Google, kò ní pẹ́ tí ìtàn kan á fi jáde: pé ìlú ńlá kan wà tó sọnù sínú igbó, tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ nípa ẹ̀ mọ́, àfìgbà tí ọkùnrin Faransé kan, Henri Mouhot, "ṣàwárí" ẹ̀ lọ́dún 1860. Ìtàn náà dùn, àfi bíi fíìmù. Àmọ́ irọ́ ni. Irọ́ ọ̀hún sì ní àwọn tó ń pa lára, títí dòní.

Wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ mẹ́ta fún àlejò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ mẹ́ta náà tú ìtàn yìí wò.

Ọjọ́ kìíní: ọba lọ, ilé ò dahoro

Angkor Wat la ó kọ́kọ́ dé. Ọba Suryavarman Kejì ló kọ́ ọ, ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá. Yàrà omi tó yí i ká fẹ̀ tó nǹkan bíi 190 mítà. Ìsàlẹ̀ òkè Kulen ni wọ́n ti gbẹ́ òkúta ẹ̀, tí wọ́n sì fi ojú omi gbé e wá. Òrìṣà Vishnu, tàwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ni wọ́n kọ́ ọ fún. Nígbà tó yá, ó di ilé ẹ̀sìn Búdà.

Lọ́dún 1431, àwọn ọmọ ogun Ayutthaya, láti ilẹ̀ tá a mọ̀ sí Thailand lónìí, kó Angkor. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀dá àti àgbàrá ti ba àwọn ojú omi tí wọ́n gbẹ́ kiri ìlú náà jẹ́. Ọba kó ààfin ẹ̀ lọ sápá gúúsù, níbi tí òwò orí omi ti ń lọ dáadáa.

Ọba ló lọ o. Àwọn mọ́ǹkì ẹlẹ́sìn Búdà ò fi Angkor Wat sílẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ò sì fi oko ìrẹsì wọn sílẹ̀. Àwọn àlejò ò sì yéé wá. Àlùfáà Potogí kan, António da Madalena, débẹ̀ lọ́dún 1586. Ará Jàpáàn kan, Ukondayu Kazufusa, wá jọ́sìn níbẹ̀ lọ́dún 1632, ó sì kọ orúkọ ara ẹ̀ sára òpó. Kódà òyìnbó Faransé míì, Bouillevaux, ti ṣáájú Mouhot débẹ̀ lọ́dún 1850. Mouhot fúnra ẹ̀ ò sọ pé òun ni ẹni àkọ́kọ́. Laos ló kú sí lọ́dún 1861. Lẹ́yìn ikú ẹ̀ ni wọ́n tẹ ìwé ìrìn àjò ẹ̀ jáde, táwọn èèyàn wá sọ ọ́ di "olùṣàwárí".

Ta ni ìtàn náà wá ṣe láǹfààní? Lọ́dún 1863, ilẹ̀ Faransé gba Kàmbódíà sábẹ́ àkóso ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti lè sọ pé onílé ò mọ iyì ohun tó ní, kíkó o kì í jọ olè lójú yín mọ́. Lọ́dún 1923, ọ̀dọ́mọkùnrin Faransé kan gé àwọn ère kúrò lára tẹ́ńpìlì Banteay Srei, wọ́n sì mú un nígbà tó dé Phnom Penh. André Malraux lorúkọ ẹ̀. Nígbà tó yá, òun náà ló di mínísítà àṣà nílẹ̀ Faransé.

Ọjọ́ kejì: ọjà tó wà lára ògiri

Ní Bayon, tí Ọba Jayavarman Keje kọ́ lẹ́yìn tó gorí ìtẹ́ lọ́dún 1181, ojú òkúta ńláńlá tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lára ilé gogoro làwọn èèyàn máa ń yà ní fọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri náà. Wọ́n gbẹ́ àwọn obìnrin tó ń nájà síbẹ̀, àwọn tó ń da àkùkọ jà, àwọn tó fẹ́ ju odidi ẹlẹ́dẹ̀ sínú ìkòkò, obìnrin tó ń rọbí, àti ẹja lóríṣiríṣi.

Zhou Daguan, ará Ṣáínà tó dé Angkor lọ́dún 1296 tó sì lò nǹkan bí ọdún kan níbẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin ló ń ṣòwò níbẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọ́n á pàtẹ, ọjà á sì tú ní ọ̀sán. Ẹ lọ sọ́jà Siem Reap lónìí, obìnrin lẹ máa bá nídìí ọ̀pọ̀ àtẹ.

Ẹja yẹn náà ò kúrò níbẹ̀. Nítòsí ìlú náà ni adágún Tonlé Sap wà. Lásìkò òjò, odò Mekong máa ń kún débi pé á ti omi odò Tonlé Sap padà sẹ́yìn, adágún náà á sì fẹ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Bí omi bá fà, ẹja dé nìyẹn. Wọ́n á tẹ ẹja náà, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á dé e mọ́lẹ̀ títí á fi kan. Òun ni wọ́n ń pè ní *prahok*. Òórùn ẹ̀ kì í bẹ ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹni tó bá fi irú sebẹ̀ dàgbà ò ní sá. *Amok* tún wà: ẹja, omi àgbọn, ewé tíì àti atalẹ̀ pupa, tí wọ́n á pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n á sì fi ooru omi sè bíi mọ́ínmọ́ín. Nínú èdè Khmer, téèyàn bá fẹ́ sọ pé òun ń jẹun, "jẹ ìrẹsì" ló máa sọ.

Ọjọ́ kẹta: àwọn tó ṣẹ́kù

Láti ọdún 1975 sí 1979, ìjọba Khmer Rouge pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ sí méjì èèyàn. Púpọ̀ nínú àwọn oníjó ààfin bá a lọ. Àwọn díẹ̀ tó yè ló fi ohun tí ara wọn ṣì rántí kọ́ àwọn ọmọdé, ìka títẹ̀ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ gbígbé, títí ijó náà fi padà dúró.

Lásìkò ogun àti lẹ́yìn ẹ̀, àwọn olè ń gé ère tà. Lọ́dún 2011, ilé gbàǹjo kan ní New York fẹ́ ta ère jagunjagun Duryodhana. Kò lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì wà lórí ìpìlẹ̀ ẹ̀ ní Koh Ker, níbi tí wọ́n ti gé e. Ẹsẹ̀ yẹn ló jẹ́rìí sí i, ère náà sì padà sílé lọ́dún 2014. Ní December 2023, mùsíọ̀mù Metropolitan náà kéde pé òun máa dá ère 14 padà fún Kàmbódíà.

Ère ń padà bọ̀ wálé, àmọ́ àwọn èèyàn ń jáde. Láti ọdún 2022, ìjọba Kàmbódíà ti ń kó nǹkan bíi 10,000 ìdílé kúrò ní àyíká Angkor, kí tẹ́ńpìlì náà má bàa pàdánù ipò ẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO. Ìjọba ní ìfẹ́ inú wọn ni wọ́n fi ń lọ. Amnesty International ní rárá, wọ́n ń fipá lé wọn ni. UNESCO ní òun ò sọ pé kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni.

Ẹ ẹ̀ wá rí i pé ìtàn "ìlú tó sọnù" yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́? Tá a bá ti gbà pé igbó lásán ló wà níbẹ̀, kò ní ṣòro láti gbà pé ẹni tó ń ta núdù *num banh chok* lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà ló wá dí ọ̀nà mọ́ àwọn arìnrìn-àjò. Àwọn mọ́ǹkì, àgbẹ̀, apẹja àti ìyálọ́jà ni ò jẹ́ kí Angkor sọnù.

Nítorí náà, bí ẹ bá débẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ ya fọ́tò yín dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ra oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá kan, kẹ́ ẹ sì béèrè iye ọdún tí ìdílé wọn ti wà níbẹ̀.