Iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àti ètò rédíò ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni orúkọ tí àwọn Yorùbá ń pe ẹni tí ń ṣe ètò lórí rédíò, pàápàá ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ olówó oṣù ní ilé-iṣẹ́ rédíò, tó jẹ́ pé ó ń ra àkókò, tó sì ń fi owó ìpolówó ọjà san án padà. Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ètò àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wà lára ohun tí awakọ̀, oníṣọ́ọ̀bù, oníṣẹ́-ọwọ́ àti èrò ọkọ̀ ń gbọ́ lójoojúmọ́. Bí ètò kan ṣe lè fa àwọn olùgbọ́ wọ̀nyí mọ́ra, tí kò sì ní ṣì wọ́n lọ́nà, jẹ́ ọ̀rọ̀ pàtàkì nínú iṣẹ́ náà.

Agbègbè àti àwọn olùgbọ́

Òṣòdì-Ìsọlọ̀ jẹ́ ọ̀kan lára ogún ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 621,509 níbẹ̀. Mafolúkù, Ṣógúnlé, Òkóta àti Ajao Estate wà lára àwọn àdúgbò rẹ̀. Òṣòdì jẹ́ oríta ńlá: ọ̀nà Agége Motor Road àti ọ̀nà tó wá láti Apápá pàdé níbẹ̀, ojú irin sì gba ibẹ̀ kọjá. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, ìjọba Gómìnà Babatunde Fashola wó àwọn ìsọ̀ tó ti gba ojú ọ̀nà ní Òṣòdì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ibùdókọ̀ ńlá Òṣòdì, tó ní ilé mẹ́ta.

Bí agbègbè náà ṣe rí ló ń sọ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń gbọ́ rédíò. Ẹni tó wọ dáńfó láti Òṣòdì sí Ìsọlọ̀ kò ní bá ètò láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè má dúró gbọ́ òpin rẹ̀. Oníbàárà lè dé bá oníṣọ́ọ̀bù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dùn jù lọ. Nítorí náà, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó mọ iṣẹ́ a máa tún orúkọ àlejò rẹ̀ àti kókó ọ̀rọ̀ dá léraléra, a sì máa pín ètò rẹ̀ sí abala kéékèèké, kí abala kọ̀ọ̀kan lè yé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́.

Ìtàn

Ní ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn rédíò wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń jáde nínú àpótí náà wá láti ilé-iṣẹ́ BBC ní Lọ́ńdọ̀nù, olùgbọ́ kò sì ní ìkànnì mìíràn tó lè yí sí. Ní ọdún 1959, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìpínlẹ̀ Èkó dá Rédíò Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1977.

Òfin ìjọba ológun ti ọdún 1992 ló fún àwọn aládàáni láàyè láti dá ilé-iṣẹ́ rédíò sílẹ̀, òun náà ló sì dá àjọ NBC tí ń ṣàkóso wọn sílẹ̀. Raypower, tí Raymond Dokpesi dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1994. Wazobia FM, tí ń fi pidgin sọ̀rọ̀, dé ní ọdún 2007. Láti ìgbà náà, olùgbọ́ tí ètò kan kò bá tẹ́ lọ́rùn lè yí sí ìkànnì mìíràn kíá.

Ohùn, èdè àti ẹ̀bùn

Gbenga Adeboye, tó kú ní ọdún 2003, jẹ́ àpẹẹrẹ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí ẹ̀bùn rẹ̀ hàn kedere. Òun nìkan a máa fi oríṣiríṣi ohùn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ènìyàn púpọ̀ ló wà níbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ sì kún fún òwe àti ìmọ̀ èdè. Ọ̀nà mìíràn ni Kọ́lá Ọláwuyì, tó kú ní ọdún 2007, gbà nínú ètò rẹ̀ Nǹkan Ń Bẹ: ìtọpinpin ìṣẹ̀lẹ̀ tó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni tirẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn gbà, ṣùgbọ́n olùgbọ́ mọ ohun tí yóò rí lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀bùn nìkan kò tó fún iṣẹ́ yìí. Èdè Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, ẹni tó bá sì ṣi ohùn lò lórí rédíò kò ní ojú tàbí ọwọ́ tí yóò fi ṣàlàyé ara rẹ̀. Kíka ìwé ìròyìn Yorùbá sókè, gbígba ohùn ara ẹni sílẹ̀ láti tún un gbọ́, àti bíbéèrè lọ́wọ́ àgbà jẹ́ ara ọ̀nà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi ń tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ní àdúgbò bí Òkóta, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ígbò ń gbé láàrin Yorùbá, ó tún yẹ kí ó máa túmọ̀ òwe tó bá pa, kí ẹni tí Yorùbá kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ má baà ṣì í gbọ́.

Ìkópa àwọn olùgbọ́

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn àgbà sọ rédíò, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, kì í sì í gba èsì. Láti ìgbà tí fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà ní ọdún 2001, orúkọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ bá a mu mọ́. Olùgbọ́ ń pe orí ètò, ó ń bi àlejò ní ìbéèrè, ó sì ń tako ohun tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Rédíò ìròyìn ojú ọ̀nà ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tó wà lórí 96.1 FM, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2012. Àwọn tó wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ wà lára àwọn tí ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí i. Ewu ìpè orí afẹ́fẹ́ ni pé irọ́ tàbí èébú lè jáde kí a tó dá a dúró. Iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni láti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó sì tún ohun tó ṣì sọ ṣe lójú ẹsẹ̀.

Ìpolówó ọjà

Owó àkókò ni ìṣòro tó tóbi jù fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó dá dúró. Bí ìpolówó kò bá tó, kò ní lè san owó ilé-iṣẹ́ rédíò; bí ó bá pọ̀ jù, ètò á di kìkì ìpolówó, olùgbọ́ á sì yí ìkànnì padà. Àwọn tó ń ta àgbo àti oògùn ìbílẹ̀ wà lára àwọn tí ń polówó jù lọ lórí ètò Yorùbá. Òfin ní kí àjọ NAFDAC fọwọ́ sí ìpolówó oògùn kí ó tó jáde. Olùgbọ́ tó gbẹ́kẹ̀ lé ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lè pa oògùn ilé ìwòsàn tì nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, èyí ló mú kí kíkọ ìpolówó tí kò ní ìwé àṣẹ jẹ́ ojúṣe, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀. FIBAN ni ẹgbẹ́ tó kó àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ aládàáni jọ.

Ìròyìn ní àkókò ewu

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, àwọn ohun ìjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá láìmọ ibi tí ìbúgbàmù náà ti wá àti ibi tí kò séwu. Nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ wọn, tí àwọn ọmọdé wà lára wọn, já sínú odò Òkè-Afá ní Ìsọlọ̀, níbi tí ewéko ti bo ojú omi, wọ́n sì kú síbẹ̀. Iye àwọn tó kú nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan.

Ìṣẹ̀lẹ̀ náà fi hàn pé ìròyìn tó pé lè dá ẹ̀mí sí. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ohun tí olùgbọ́ nílò ni orúkọ ibi tí ewu wà, ọ̀nà tó ṣeé gbà àti ọ̀nà tí kò ṣeé gbà, ní èdè tó yé e, láti ẹnu ẹni tó ti fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ẹni tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ sí olóòótọ́ lórí ètò ojoojúmọ́ ni wọ́n máa ń gbà gbọ́ nígbà tí ewu bá dé.