Ta Ni Ó Bọ́ Àmì Kúrò Lára Ọ̀rọ̀ Wa? Ìtàn Lẹ́tà Yorùbá Nínú Kọ̀ǹpútà àti Fóònù

Ní àsìkò òjò ọdún 2004, àbúrò mi kan tí ó ń gbé ní ìgbèríko fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ohun tí mo rí lójú fóònù ni: "E fi owo ranse, oko ti baje." Àgbẹ̀ ni àbúrò mi yìí. Mo gbà lọ́kàn mi pé omi òjò ti gbá oko lọ, èmi àti àwọn ará ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárò iṣu àti àgbàdo. Mo wá iye owó tí yóò ra irúgbìn mìíràn, mo fi rán ẹni tí ó ń lọ sí ìhà ibẹ̀. Ó di ọjọ́ kẹta kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ó fi ń kó irè lọ sí ọjà ni ó dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì ti sùn tì í fún òru méjì. Owó tí mo fi ránṣẹ́ kò tó ìdajì owó àtúnṣe ẹ́ńjìnnì. Tòmátò inú ọkọ̀ náà kò dúró dè wá.

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe ń rí nígbà tí a bá bọ́ àmì kúrò lára rẹ̀: oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, gbogbo wọn a dọ̀bálẹ̀ bákan náà.

Nínú yàrá àwa olùkọ́, a ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́: àwọn ọmọ ìwòyí ni ó jẹ̀bi. Ọ̀lẹ ni wọ́n, wọn kò ka èdè wọn sí. Èmi náà ti sọ ọ́ rí, mo sì ti fi ìyà rẹ̀ jẹ ọmọ ọlọ́mọ, bí n ó ti sọ níwájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé kí ọmọ kankan tó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnì fóònù, wọ́n ti pín àyè lẹ́tà tán níbi tí Yorùbá kò ti ní aṣojú.

Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ yìí kò le mọ́ fún wa. Àjàyí Crowther ti fi àmì ohùn sínú ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó tẹ̀ jáde ní 1852. Àwọn ìjọ CMS ṣe ìpàdé lórí akọtọ ní Èkó ní 1875. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ìwé lórí akọtọ ní 1965, àwọn ìgbìmọ̀ sì jókòó lẹ́yìn rẹ̀, títí ìjọba fi fọwọ́ sí akọtọ òde-òní ní 1974. Òun ni a fi ń kọ́ ọmọ títí di òní.

Ẹ̀rọ ni kò bá wa ṣe ìpàdé kankan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tí mo ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi fún oyè nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìkọ́ni ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, akọ̀wé tí ó bá mi tẹ̀ ẹ́ fi àmì gbogbo sílẹ̀ fún mi. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń fi báírò tò wọ́n sí orí àti abẹ́ lẹ́tà, ojú ìwé kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹ̀dà mẹ́ta sì ni ilé-ìwé ń béèrè!

Kọ̀ǹpútà, tí àwọn kan ń pè ní ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Kí lẹ́tà kan tó lè wọ inú rẹ̀, ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ fún un ní nọ́ńbà nínú àtẹ kan. Àtẹ tí ó lókìkí jù ni ASCII, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1963. Àyè 128 péré ni ó ní, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, òǹkà, àmì ìdánudúró àti àwọn àṣẹ fún ẹ̀rọ sì ti gbà á tán. Ní 1987, wọ́n ṣe àtẹ mìíràn tí ó fẹ̀ jù ú lọ, ISO 8859-1, fún àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù. Nínú èyí a rí à àti á, è àti é, nítorí pé àwọn ará Faransé, Potogí àti Sípéènì nílò wọn. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀.

Àwọn ènìyàn wa kò káwọ́ gbera. Wọ́n mú fọ́ǹtì, wọ́n pa àwòrán àwọn àmì tí a kì í sábà lò rẹ́, wọ́n ya ẹ̀ àti ọ́ sí ipò wọn. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ìwé bá wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà. Bí ẹ bá gbé e dé orí èyí tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, àwọn àmì àtijọ́ a tún padà sí ilé wọn, ìwé a sì di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Mo ṣì ní ìbéèrè ìdánwò kan tí mo tẹ̀ ní 1999. Èmi tí mo kọ ọ́, n kò mọ ohun tí mo béèrè mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí àtẹ̀jíṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ ilé olúkúlùkù. Ní 1985, ní ìlú Bonn ní Jámánì, Friedhelm Hillebrand, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣètò GSM fún Yúróòpù, jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Ó ń tẹ gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn, ó sì ń ka iye lẹ́tà, àmì àti àlàfo tí ó wà nínú wọn. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ jùlọ kò kọjá 160. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1992, Neil Papworth fi àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ó fi kí ẹnì kan kú ọdún Kérésìmesì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, GSM dé Nàìjíríà. Ìpè gbówó lórí, nítorí náà àtẹ̀jíṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wa gbá mú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú bébà kí ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan. Àyè tí ó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan jẹ́ bíìtì 1,120. Bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bá gba bíìtì 7, ẹ ó rí 160. Ṣùgbọ́n àtẹ oníbíìtì 7 kò lè gbà ju àyè 128 lọ, àwọn tí ó ṣe é sì ti kún un: lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, ti Jámánì, ti àwọn ará Sweden àti Norway, àní àwọn lẹ́tà ńlá Gíríìkì bí Δ àti Ω. À, è, é, ì, ò àti ù kékeré wà níbẹ̀, nítorí àwọn gan-an ni àwọn ará Ítálì fi ń kọ èdè wọn. Á, í, ó àti ú kò sí. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹ lè kọ "ìlù" sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kí ó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò lè kọ "ìlú". "Ilé" kọjá, "ọjà" kò kọjá. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo tí kò sí nínú àtẹ yẹn bá wọ inú ọ̀rọ̀ yín, fóònù a yí gbogbo rẹ̀ sí oríṣi àtẹ mìíràn tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ń gba bíìtì 16. Ẹ pín 1,120 sí ọ̀nà 16: 70 ni ó kù. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn jù, fóònù a gé e sí wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan kò sì ní ju 67 lọ, nítorí pé àyè díẹ̀ ti bá ìdè tí ó so wọ́n pọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ìkíni tí ó ní lẹ́tà 140, owó ẹyọ kan ni ẹ ó san bí ẹ bá kọ ọ́ láìsí àmì. Ẹ fi àmì kan ṣoṣo sí abẹ́ ọ, ó di mẹ́ta, owó rẹ̀ náà sì di mẹ́ta. Àwọn fóònù kan tilẹ̀ ní ètò kan tí wọ́n fi ń dín owó yìí kù fún oníbàárà: ẹ̀rọ a bọ́ àmì gbogbo dànù kí ó tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kò sì ní sọ fún ẹni tí ó kọ ọ́.

Ṣé kò ṣeé tún ṣe ni? Ó ṣeé ṣe. Ní nǹkan bí ọdún 2008, wọ́n fi àtẹ àfikún kún òfin àtẹ̀jíṣẹ́ fún èdè Turkey, Sípéènì àti Potogí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ti àwọn èdè Íńdíà bí Hindi, Bengali àti Tamil. Yorùbá kò sí lára wọn. N kò rò pé ẹnikẹ́ni ni ó kórìíra wa ní àwọn ìpàdé náà. Ohun tí mo rò ni pé a kò lọ.

Unicode ni ó wá fún wa ní ilé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà, ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jáde ní 1991. Lónìí, ẹ, ọ àti ṣ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ṣe alábàápàdé ibẹ̀, nítorí ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ àti ọ tí à ń lò, àárín lẹ́tà èdè Vietnam ni wọ́n ń gbé. Ní Vietnam, àmì abẹ́ yẹn kì í ṣe àmì ìyàtọ̀ fáwẹ̀lì bí i tiwa, àmì ohùn ni. Ṣ wà nítorí àwọn onímọ̀ tí ń fi lẹ́tà Róòmù kọ èdè Sanskrit. Ń jẹ́ ti àwọn ará Poland. Ǹ sì wọlé ní 1999 nítorí ìlànà Pinyin tí wọ́n fi ń kọ èdè Ṣáínà. Aránmúpè aṣesílébù tiwa rí ibi fi orí pamọ́ sí lábẹ́ òrùlé àwọn ará Ṣáínà.

Ohun tí kò sí nílé onílé, àlejò kò lè rí i lò. Níwọ̀n bí àmì abẹ́ ti jẹ́ ohùn fún àwọn ará Vietnam, fáwẹ̀lì kan kò lè gbé e kí ó tún gbé àmì òkè tàbí ti ìsàlẹ̀, nítorí ẹnì kan kì í fi ohùn méjì pe fáwẹ̀lì kan. Nítorí náà ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà tiwọn. A ní láti tẹ ẹ, kí a sì fi àmì tí ó dá dúró lé e lórí: lẹ́tà kan lójú wa, ohun méjì nínú ẹ̀rọ. "Ọ̀rọ̀" tí ó jẹ́ lẹ́tà 3 lórí ìwé di 5 nínú àtẹ̀jíṣẹ́. Láti 2001 ni àwọn alákòóso Unicode sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá fi kún un, àwọn ìwé tí ènìyàn ti tẹ̀ pa mọ́ yóò di méjì lójú ẹ̀rọ, ìwákiri yóò sì dàrú. Òfin náà mọ́gbọ́n dání, n kò sì bá wọn jà lé e lórí. A kàn ti pẹ́ kí a tó dé ni.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, fọ́ǹtì kò mọ bí yóò ṣe gbé àmì yẹn lé orí ẹ. Ó lè fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì lè ya àpótí òfìfo sí ipò rẹ̀. Àpótí yìí ni ó kó mi sí ìtìjú. Ní 2009, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní SS2 mú àròkọ wá fún mi. Ó ti lọ tẹ̀ ẹ́ ní ilé ìtajà kan, àpótí kékeré sì kún ojú ìwé náà. Mo yọ máàkì 5, mo fi báírò pupa kọ "àìbìkítà" sí etí rẹ̀. Ọmọ náà dúró níwájú mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fi gbogbo rẹ̀ sí i, ẹ̀rọ wọn ni ó jẹ ẹ́." Mo ní kí ó lọ jókòó.

Ọdún méjì kọjá kí ó tó yé mi, lọ́jọ́ tí ìwé tèmi náà jáde bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ náà kò bá fi àmì sí i ni, lẹ́tà lásán ni ìbá jáde. Ibi gbogbo tí àpótí wà, àmì ti wà níbẹ̀ rí. Ẹ̀rí pé ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni mo fi ṣe ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ó ti kúrò ní ilé-ìwé nígbà náà.

Nǹkan ti yí padà púpọ̀. Windows Vista, tí ó jáde ní 2007, ní kíbọọ̀dù Yorùbá nínú. Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá àti àjọ Alt-i ti ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ lórí Yorùbá nínú kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2012, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe gbogbo ènìyàn láti fi Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí Twitter fún odidi ọjọ́ kan. Àwọn kíbọọ̀dù Yorùbá tí a lè fi sórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́ wà báyìí, fọ́ǹtì púpọ̀ sì ti mọ ibi tí àmì ń jókòó. Àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ni kò yí padà: 160 láìsí àmì, 70 pẹ̀lú àmì.

Àbúrò mi ti ra fóònù tuntun, ṣùgbọ́n kì í kọ̀wé sí mi mọ́. Ohùn rẹ̀ ni ó ń gbà sílẹ̀ tí ó fi ń ránṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, ó ní ọkọ́ òun ti kán, kí n bá òun ra òmíràn ní ọjà ìlú. Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Nítorí pé olùkọ́ ni mí, mo ní kí ó bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́: "Oko mi ti kan."